Ẹ̀rọ ìgéko mi ń dákú bí mo bá ti tẹná mọ́ ọn: ẹ gbà mí o

Agéko Ìgbógbó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Koríko gígé ni mo fi ń jẹun. Ìgbógbó ni mo ń gbé, mo sì máa ń dé Báyékú àti Ìjẹ̀dẹ́ tí wọ́n bá pè mí. Òjò ti sọ gbogbo àgbàlá di igbó, iṣẹ́ wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìgéko tí mò ń gbé kọ́rùn ti fẹ́ já mi kulẹ̀.

Irú èyí tí a máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ ni, 43 cc. Tí mo bá fà á lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, á jí. Tí mo bá fi í sílẹ̀ láìtẹná, ohùn rẹ̀ dúró dáadáa. Àmọ́ bí mo bá ti tẹná mọ́ ọn báyìí, á ké "wọ̀ọ̀ọ̀", ohùn rẹ̀ á rì, á sì kú. Tí mo bá rọra ń tẹ̀ ẹ́, á ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìlágbára, tó bá sì ti kan koríko tó nípọn, ó parí nìyẹn. Èéfín rẹ̀ pọ̀ bíi ti ìdí ẹja yíyan.

Mo ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì. Mẹkáníìkì kan ládùúgbò bá mi yí àwọn síkúrù ara kabúrétọ̀ rẹ̀, ó gbowó lọ́wọ́ mi, ẹ̀rọ náà wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iṣẹ́ pápá ilé ìwé kan wà níwájú mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì ti gba àsansílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Sábó

Kabúrétọ̀ rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ra tuntun, kí o ra gasíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ ọn.

Ìyá Oko Ìmọ́tà

Àbúrò mi, má tíì ra nǹkan kan. Irú ẹ̀rọ yìí ni mo fi ń tọ́jú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ mi láti ọdún mélòó kan, mo sì ti náwó sórí kabúrétọ̀ rí nígbà tó jẹ́ pé epo ló ń ṣe mí. Dá mi lóhùn: ọ́ìlì wo lò ń lò? Báwo lo ṣe ń wọ̀n ọ́n? Epo tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì rẹ, ìgbà wo lo rà á?

Agéko Ìgbógbó

Ẹ ṣé gan-an, mà. Ọ́ìlì mọ́tò ni, nọ́ńbà 40, èyí tí wọ́n ń rọ tà lẹ́bàá títì. Ojú ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, mo máa ń dà á títí àwọ̀ epo á fi yí padà. Epo inú kẹ́ẹ̀gì á ti tó oṣù méjì. Òun náà ni mò ń bù sínú jẹnẹrétọ̀ I-better-pass-my-neighbour wa nílé, ìyẹn ò sì yọ mí lẹ́nu rí. Òun ló jẹ́ kí n rò pé epo ò lẹ́bi.

Ìyá Oko Ìmọ́tà

Ó lẹ́bi o. Inú ẹ́ńjìnnì ni ọ́ìlì mọ́tò ń gbé, wọn ò ṣe é pé kó jóná. Nínú ẹ̀rọ tiwa yìí, ọ́ìlì àti epo jọ ń wọlé ni, wọ́n sì jọ ń jóná. Èyí tí kò bá jóná tán á di èédú, á lẹ̀ mọ́ orí písítìnì, á lẹ̀ mọ́ ojú ihò tí èéfín ń gbà jáde. Èyí tí wọ́n kọ 2T sí lára, tí wọ́n ṣe fún irú ẹ́ńjìnnì tó ń jó ọ́ìlì mọ́ epo, ni kí o rà. Yẹ ẹ̀yìn ike rẹ̀ wò dáadáa, kí o rí JASO FB, FC tàbí FD níbẹ̀, ìyẹn àmì tó ń sọ bí ọ́ìlì náà ṣe dára tó fún irú ẹ́ńjìnnì yìí.

Ní ti ìwọ̀n, ohun tí wọ́n bá kọ sínú ìwé ẹ̀rọ rẹ tàbí sórí ìdérí tánkì ni kí o tẹ̀ lé. 25:1 tàbí 50:1 ló sábà máa ń jẹ́. Tó bá jẹ́ 25:1, lítà epo kan á gba mílílítà ọ́ìlì 40. Tó bá jẹ́ 50:1, 20 ni. Má fojú wọ̀n ọ́n mọ́. Lọ sí kẹ́míìsì, ra sírínjì oní-20, kó máa gbé pẹ̀lú ike ọ́ìlì rẹ. Sírínjì méjì fún lítà kan, o ti rí 25:1 nìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́rin á gba 160, tàbí 80 tó bá jẹ́ 50:1. Bí ìwọ̀nba díẹ̀ lo fẹ́ pò, ike omi 75 cl tí gbogbo wa ń mu á gba 30 tàbí 15. Ìwọ̀n nìkan ni kí o fi ike omi ṣe o, má fi epo pa mọ́ sínú rẹ̀ nílé tí ọmọdé wà.

Da ìdajì epo sínú kẹ́ẹ̀gì, da ọ́ìlì lé e, mì í dáadáa, kí o tó fi epo tó kù kún un. Mì í lẹ́ẹ̀kan sí i nígbàkigbà tí o bá fẹ́ bù ú. Má ṣe pò ó nínú tánkì ẹ̀rọ láéláé, torí ọ́ìlì á sùn sísàlẹ̀, òun ni ẹ́ńjìnnì á sì kọ́kọ́ fà mu.

Oṣù méjì yẹn náà ti pọ̀ jù. Èmi kì í jẹ́ kí epo tí mo ti pò kọjá ọgbọ̀n ọjọ́. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, mo mọ̀ bó ṣe ń dunni tó láti da epo nù, ìdí nìyẹn tí mo fi ń po ìwọ̀nba tí mo máa lò láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ọlọ́kọ̀ Ojú Omi Ẹ̀pẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu sí i, torí epo pípò náà ni púpọ̀ nínú àwa tí à ń wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà ń lò. Bu epo tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì rẹ yẹn sínú ìgò tó mọ́ gaara, gbé e síbi tí kò sí iná, kí o fi sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Omi wúwo ju epo lọ. Tó bá wà níbẹ̀, wàá rí i nísàlẹ̀ ìgò, á ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tí kò kún, tí oòrùn ń pa lọ́sàn-án tí òtútù ń mú lóru, inú rẹ̀ máa ń làágùn, pàápàá lọ́dọ̀ tiwa tí a sún mọ́ omi.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kìlọ̀ fún ọ. Ẹnì kan lè fún ọ ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, kó ní 2T ṣáà ni gbogbo rẹ̀. TC-W3 ni wọ́n ń kọ sára tiwa. Omi ló ń tu ẹ́ńjìnnì tiwa lára, afẹ́fẹ́ lásán ló ń tu tìrẹ, tìrẹ sì ń gbóná jù ú lọ. Má bù ú sí i.

Mẹkáníìkì Ìta Ẹlẹ́wà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ fún ọ. Ní ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí o fi ń wé e: nǹkan bí 3,000 ìgbà ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan, kì í sì í kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìgéko máa ń kọjá 7,000 tí o bá tẹná rẹ̀ tán. Ohun tí ìyẹn lè fara dà, èyí ò lè fara dà á.

Ibi pẹlẹbẹ la ti í mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ẹ̀rọ rẹ ń jí, ó sì ń dúró láìtẹná. Ìyẹn ni pé iná plọ́ọ̀gì wà, písítìnì náà ṣì ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Ìgbà tó bá fẹ́ mí dáadáa ló ń kú. Nítorí náà, ibi tí ó ń gbà mí sínú àti ibi tí ó ń gbà mí síta la máa kọ́kọ́ wò, ká tó dé ọ̀nà epo. Kabúrétọ̀ ló kẹ́yìn.

Da epo àtijọ́ yẹn kúrò nínú tánkì pátápátá. Ṣí ilé fílítà afẹ́fẹ́. Tó bá jẹ́ fóòmù, fi omi ọṣẹ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, fún un láìlọ́ ọ, jẹ́ kó gbẹ dénú, kí o tó kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i. Yẹ ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ wò pẹ̀lú, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tí a máa ń pa dé láti dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí a bá fẹ́ jí i, kó má lọ jẹ́ pé ó ń padé fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀ gbalaja, jẹ́ kó ṣiṣẹ́, nígbà tó bá fẹ́ kú kí o rọra tú ìdérí tánkì díẹ̀, kí epo má ta sórí sálẹ́ńsà. Ihò kékeré kan wà tí tánkì fi ń mí. Tó bá dí, epo ò ní lè ṣàn. Bí ohùn rẹ̀ bá gbéra bí o ṣe tú u, o ti rí i nìyẹn.

Tú plọ́ọ̀gì, sọ àwọ̀ rẹ̀ fún mi. Kí o sì wọn àlàfo ẹnu rẹ̀, 0.6 sí 0.7 mílímítà ló yẹ kó wà. Má tíì fọwọ́ kan síkúrù kankan.

Atọ́jú Pápá

Èéfín púpọ̀, kò sí agbára, ọ́ìlì mọ́tò. Tèmi ṣe báyìí lọ́dún tó kọjá. Kó tú sálẹ́ńsà wò. Àwọ̀n irin kékeré kan máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń dí ẹ̀ta iná lọ́wọ́. Èédú ti bo àwọ̀n yẹn, mo fi owó mi tẹ́tẹ́.

Mẹkáníìkì Ìta Ẹlẹ́wà

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ ṣe èyí tí mo sọ, ká lè mọ ohun tó ṣiṣẹ́. Tó bá ṣe mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní mọ èyí tó wò ó sàn.

Agéko Ìgbógbó

Mo ti débẹ̀. Mo bu epo sínú ìgò bí ẹ̀gbọ́n Ẹ̀pẹ́ ṣe wí, omi wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò pọ̀, bí orí èékánná, ó ń yí kiri nísàlẹ̀. Mo ti da epo yẹn kúrò. Mo ra 2T, mo sì pò ó ní 25:1 bó ṣe wà lára tánkì. Fílítà fóòmù, omi tó jáde lára rẹ̀ dúdú bí omi aró. Mo tú ìdérí tánkì nígbà tó fẹ́ kú, ohùn rẹ̀ ò yí padà rárá. Plọ́ọ̀gì dúdú, ó sì tutù.

Ó ti sàn díẹ̀. Èéfín ti dín kù. Àmọ́ tí mo bá tẹná tán, ó ṣì ń rì.

Mẹkáníìkì Ìta Ẹlẹ́wà

O ṣeun tí o ṣe é létòlétò. Tó bá jẹ́ àwọ̀ igi oníbúráwùn ni plọ́ọ̀gì náà ní, a ò bá sọ pé epo àti afẹ́fẹ́ bára mu. Dúdú tó tutù túmọ̀ sí pé epo tàbí ọ́ìlì ń pọ̀ jù fún afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀, tàbí pé ohun tó jóná ò rọ́nà jáde. Bí ó bá funfun bí eérú ni ẹ̀rù ì bá bà mí, torí ìyẹn ni pé ó ń gbẹ, ó sì lè jẹ písítìnì.

Ó yá, tú sálẹ́ńsà. Jẹ́ kó tutù pátápátá ná. Tí o bá yọ ọ́ kúrò, wàá rí ihò èéfín lára sílíńdà, wàá sì rí písítìnì fúnra rẹ̀ látibẹ̀. Tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Tí ara písítìnì bá ń dán, tó dọ́gba, ọlọ́run bá ọ ṣe é. Tí o bá rí ilà tó fà gbọọrọ láti òkè délẹ̀ bí ìgbà tí ẹkùn ha igi, sọ fún mi kí o tó náwó sórí ohunkóhun.

Kí o tó ha èédú ibẹ̀, fi okùn ìfà yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀ títí písítìnì á fi bo ihò yẹn pátápátá, kí ìdọ̀tí má baà wọlé. Igi tàbí ọparun tí o gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ni kí o fi ha á, má lo síkúrù díráfà. Ní ti àwọ̀n, fi irin dì í mú, fi iná sun ún títí á fi pọ́n, jìnnà sí epo, kí o wá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbọ̀n ọ́n. Àwọn kan máa ń jù ú nù. Má jù ú nù. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ̀ta iná kan láti ẹnu sálẹ́ńsà tó láti sun oko olóko.

Agéko Ìgbógbó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Síkúrù méjì ló dì í mú. Nígbà tí mo fà á yọ, òórùn ọ́ìlì jíjóná gba gbogbo ibẹ̀. Àwọ̀n náà tóbi tó kọ́bọ̀ àtijọ́, mo gbé e sókè sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ ò gba inú rẹ̀ kọjá àfi ní ojú mẹ́ta péré létí. Ohun tó bò ó dàbí ìdí ìkòkò tí wọ́n ti ń fi dáná igi fún ọdún púpọ̀, ó le, ó ń dán, ó sì ń ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí mo ṣe ń ha á. Ihò èéfín náà ti sún pọ̀ débi pé bí ìdajì rẹ̀ ló kù. Mo fi ọparun ha á fún bí wákàtí kan. Písítìnì ń dán, mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ilà kankan níbẹ̀. Mo dúpẹ́.

Mo dá gbogbo rẹ̀ padà. Ó jí ní ìfà kejì. Nígbà tí mo tẹná mọ́ ọn, ó gbéra! Mo gé ẹ̀yìnkùlé wa tán. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́: á gbéra, á rì, á tún gbéra. Kò kú bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ kò dúró sójú kan.

Ọmọ Sábó

Ó lè jẹ́ kọ́ìlì tó ń fún plọ́ọ̀gì níná o. Tèmi, tó bá ti gbóná báyìí kò ní fúnná mọ́, tó bá tutù á tún jí.

Mẹkáníìkì Ìta Ẹlẹ́wà

Kọ́ìlì tó ń kú látàrí ooru máa ń pa ẹ́ńjìnnì fin ni, bí ìgbà tí èèyàn pa iná. Tirẹ̀ ń gbéra, ó ń rì, epo ló ń dé ní ségesège. Bó bá tiẹ̀ kú fin lọ́jọ́ kan, yẹ iná plọ́ọ̀gì wò lójú ẹsẹ̀ kó tó tutù: lo plọ́ọ̀gì mìíràn, fi ara rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì níbi tó jìnnà sí ihò plọ́ọ̀gì, kí iná má bá èéfín epo pàdé.

Àbúrò, wo róbà kékeré tí o máa ń tẹ̀ kí epo tó gòkè. Tẹ̀ ẹ́ bíi ìgbà mẹ́wàá. Ṣé epo nìkan lò ń rí nínú rẹ̀, àbí ìfófòó ń kọjá?

Agéko Ìgbógbó

Ìfófòó ń kọjá, sà, kò sì dáwọ́ dúró.

Mẹkáníìkì Ìta Ẹlẹ́wà

Afẹ́fẹ́ ń jí wọlé níbì kan nìyẹn. Fa róbà epo jáde díẹ̀ níbi tó ti wọ inú tánkì, tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ kí o wo ara rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti máa ń sán. Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2022, tí epo tó ní mẹtánọ́ọ̀lù wọ ìlú: ìgbà yẹn ni mo rí àwọn róbà tó le bí ike, tó ń kán lọ́wọ́. Kẹ́míkà yẹn kì í bá róbà rẹ́. Ìpẹ̀kun róbà yẹn nínú tánkì ni fílítà epo wà, fi wáyà tí o ká lẹ́nu kọ́ ọ síta, kí o pààrọ̀ òun náà.

Agéko Ìgbógbó

Ó sán! Níbi tó ti wọ tánkì gẹ́lẹ́. Tí róbà náà bá nà tààrà, ojú ò lè rí i, àfi ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Fílítà epo náà ti pọ́n bí ìpẹtà. Mo ti ra méjèèjì, owó wọn ò tó ìdá mẹ́rin owó kabúrétọ̀ tuntun. Ìfófòó ti dáwọ́ dúró.

Ó kù kí n dá àwọn síkúrù tí ẹni yẹn yí padà sí àyè wọn. Mi ò mọ ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀.

Mẹkáníìkì Ìta Ẹlẹ́wà

Tí síkúrù L (tó ń dín epo kù tàbí fi kún un nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń rọra yí) àti H (ti ìgbà tí o bá tẹná tán) bá wà lára tìrẹ, rọra dì wọ́n wọlé títí wọ́n á fi kanlẹ̀. Má fún wọn o, ẹnu wọn rí ṣóṣóró, ó sì máa ń bàjẹ́. Wá tú ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde ní yíyí kan ààbọ̀. Ibẹ̀ ni wàá ti bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná. L ni kí o kọ́kọ́ yí díẹ̀díẹ̀ títí á fi gbéra kíá tí o bá tẹná. Lẹ́yìn náà, H. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń pa ẹ̀rọ wọn: wọ́n á máa dì í títí ohùn á fi dún geerege, á máa dùn mọ́ wọn létí. Ohùn tó dùn jù yẹn, epo ló ti kéré jù, ọ́ìlì sì ti kéré pẹ̀lú rẹ̀, torí nínú epo ni ọ́ìlì wà. Nígbà tí kò tíì kan koríko, tí o tẹná tán, ó yẹ kí ohùn rẹ̀ máa gbọ̀n díẹ̀, kó wá já geere nígbà tó bá kan koríko.

Síkúrù kẹta ni ti ìdúró. Dín in kù títí bíléèdì ò fi ní yí mọ́ nígbà tí o ò tẹná. Tó bá ṣì ń yí lẹ́yìn ìyẹn, sípíríngì kílọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ bíléèdì nígbà tí o bá tẹná, ni kí o lọ wò, má sì gbé e lọ sí pápá tí àwọn ọmọ ilé ìwé wà.

Atọ́jú Pápá

Kí o sì wo gígùn ọ̀rá ìgéko rẹ, okùn tó ń gé koríko nígbà tí o ò bá lo bíléèdì. Tó bá gùn kọjá ọ̀bẹ ara ààbò rẹ̀, ẹrù ẹ́ńjìnnì á pọ̀ jù, á máa rì bí ẹni tó ní àrùn. Fún ọrùn ẹ̀rọ náà nísàlẹ̀, níbi tí bíléèdì ti ń so mọ́ ọn, ní gírísì pẹ̀lú. Kí o sì wọ gíláàsì sójú, òkúta pápá ilé ìwé kì í mọ ojú ẹnikẹ́ni.

Agéko Ìgbógbó

Ẹ kú àdúrótì. Mo ti gé pápá náà tán lánàá, láti aago méje àárọ̀ títí di nǹkan bí aago méjì, mo kàn ń dúró fún un kó tutù kí n tó bu epo sí i. Kò rì lẹ́ẹ̀kan. Plọ́ọ̀gì tí mo tú wò nírọ̀lẹ́, àwọ̀ rẹ̀ ti ń di búráwùn. Mo ti fi máàkà kọ "25:1" àti déètì sára kẹ́ẹ̀gì ẹ̀rọ, mo ra kẹ́ẹ̀gì mìíràn fún jẹnẹrétọ̀, òun náà á sì máa gba 2T tirẹ̀ láti òní lọ.

Ìyá Oko Ìmọ́tà

Inú mi dùn, ọmọ mi. Tí òjò bá dá ní Sátidé, máa bọ̀ ní Ìmọ́tà, koríko ti bo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi. Ọ̀rá ni kí o gbé wá, má gbé bíléèdì, torí àwọn ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Sírínjì wà lọ́dọ̀ mi.